Ahun Ìyá Àgbà àti Oògùn Kòkó

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Ọ̀rùn, ahun kan ń gbé pẹ̀lú wa nínú ọgbà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ọbẹ̀ mọ́ ọn níwájú ìyá àgbà. Bàbá àgbà ló gbé e bọ̀ láti oko ní ọdún tó kú. Ó bá a lábẹ́ ewé kòkó gbígbẹ, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣu, ó ní kí ìyá àgbà fi se ọbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí Àbámẹ́ta tó pé, bàbá àgbà ti lọ. Látìgbà náà ni ìyá àgbà kò ti lè gbé ọ̀bẹ sí i. Ó ní ohun tí ọkọ òun fi lé òun lọ́wọ́ kẹ́yìn kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rí ahun nínú ìwé nìkan, ẹ kò lè mọ bí ó ṣe máa ń rí kí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ máa bá èèyàn gbélé. Kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́. Láàárọ̀, ẹ ó kàn gbọ́ tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń ha ògiri ilé ìdáná, ẹ ó mọ̀ pé ó ti jí. Ìbẹ́pẹ pípọ́n ló fẹ́ràn jù, òun àti olú. Bí a bá gbé ìbẹ́pẹ síwájú rẹ̀, yóò na ọrùn, yóò ya ẹnu tí kò léyín, yóò sì gé e bí ẹni fi abẹ gé e. Bí o bá wá fi ìka kan orí rẹ̀ pẹ́rẹ́, yóò fà á wọlé kíá, yóò sì dúró síbẹ̀ bí òkúta. Eré tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń bá a ṣe nìyẹn, tí a ó máa rẹ́rìn-ín títí ìyá àgbà yóò fi lé wa.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, ọmọ ilé tó tẹ̀lé tiwa ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, obìnrin tó mọ́ tónítóní, tí o kò lè bá òwú kan nílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ti sin ọmọ kí ó tó bí ọ̀rẹ́ mi, kò sì rí òmíràn bí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ náà bá sín, ìyá rẹ̀ a dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, a tẹ́tí sílẹ̀ bóyá yóò tún sín.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀ẹ̀rùn pẹ́ lórí wa. Ọyẹ́ ti lọ, òjò kò dé. Odò tí a ti ń pọnmi gbẹ títí ó fi ku kòtò kéékèèké, a sì ń jí lọ síbẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn tó dé. Àwọn adìẹ wa ni wàhálà náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Wọ́n ń họra títí ìyẹ́ fi ń re. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, dípò kí wọ́n wọ ilé adìẹ, orí igi ọsàn ni wọ́n ń fò lọ, àfi bí ẹni pé nǹkan kan wà nínú ilé tí wọ́n ń sá fún. A kò fura. Ahun kò lè gun igi ní tirẹ̀. Abẹ́ ilé adìẹ ni ibùsùn rẹ̀, nínú ewé gbígbẹ.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Wá wo ọrùn rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń rìn níbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Lóòótọ́, ó dà bí iyẹ̀pẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ náà ń rìn. Kòkòrò ni. Wọ́n kéré débi pé bí ọ̀kan bá dá wà, ojú rẹ kò ní mú un. Wọ́n ti bo ìpàkọ́ rẹ̀, wọ́n ti kún ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí awọ ti rọ̀ lábẹ́ igbá, gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti súnmọ́ òde. Ìbẹ́pẹ tí a gbé síwájú rẹ̀ ní àná ṣì wà níbẹ̀, èèrà ló ń jẹ ẹ́. Ahun di ojú rẹ̀ pọ̀, kò sì wò wá.

A pe ìyá àgbà. Kò pariwo, kò sì bínú. Ó ní kí a gbé e kúrò lábẹ́ ilé adìẹ lọ sí abẹ́ ìbòòji lórí ilẹ̀ gbalasa. Ó gbá gbogbo ewé gbígbẹ jọ, ó dáná sun ún. Ó wá bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú àwo ńlá, omi tí kò ga ju ẹsẹ̀ ahun lọ, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó gbé e sínú rẹ̀. Ó mú orín tí ó ti rún lẹ́nu títí ó fi rọ̀ bí òwú, ó ń fi í gbá ìdí ẹsẹ̀ ahun àti abẹ́ ọrùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà tó nù ún gbẹ, ó fi ìyẹ́ adìẹ bọ àdín, òróró ekùrọ́ tó máa ń fún fúnra rẹ̀, ó fi pa awọ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó kan ojú tàbí imú. Ó ní òróró yóò dí àwọn kòkòrò náà ní ihò tí wọ́n fi ń mí.

Ó sọ fún wa pé, "Ohun tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la fi ń lé e. Ẹni tó bá kánjú, ẹran gan-an ni yóò pa."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é láràárọ̀. Ó ń dáa, ṣùgbọ́n kò yá. Ahun ti la ojú, ó ti ń jẹ díẹ̀. Àmọ́ pákó ilé adìẹ ti gbó, inú ihò pákó yẹn sì ni àwọn kòkòrò náà ń fara pa mọ́ sí, tí wọ́n ń jáde padà. Ìyá àgbà ní bí òun bá ti ìpàdé àwọn ìyá ìjọ dé láti Ìkéré, àwọn yóò tú ilé adìẹ náà, àwọn yóò sì sun ún. Ó pa á láṣẹ fún màmá mi pé kí a máa wẹ ahun bí òun ṣe ń wẹ̀ ẹ́, kí a má fi nǹkan mìíràn kàn án. Lẹ́yìn náà ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, wà lóko nígbà tí ìyá àgbà sọ ọ̀rọ̀ yìí. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé èèyàn burúkú ni. Òun ló ń bọ́ wa nígbà tí bàbá mi ń ṣe olùkọ́ ní Ìgbàrá-Odò, tí a kì í rí i àfi ìparí oṣù. Ọ̀làwọ́ ni, iṣẹ́ kì í sú u, ohun kan ṣoṣo tí kò lè fara dà ni kí nǹkan máa falẹ̀. Òun ló ń fín oògùn sí kòkó ìdílé wa àti ti àwọn ẹlòmíràn. Bí ó bá ti oko dé, òórùn oògùn náà á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, òórùn kíkan kan tó máa ń dúró sí èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Aṣọ rẹ̀ a tutù ní ẹ̀yìn níbi tí ẹ̀rọ ìfín-oògùn tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ti ń jò sí i lára. Àwa ọmọdé rò pé òórùn ara rẹ̀ ni.

Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó bá màmá mi tó ń gbé omi kaná fún ahun nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ti di wúrà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, omi mímu lẹ ń fi wẹ ahun? Ẹ gbé e wá, kí n pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà kí gbogbo wa sinmi."

Màmá mi ní, "Ìyá ní ká má fi nǹkan mìíràn kàn án o."

Ó dáhùn pé, "Ìyá kò tíì rí ohun tí oògùn yìí ń ṣe fún kòkòrò oko ni."

Ìyàwó ilé ni màmá mi, kò lè bá a fà á. Bàbá Kékeré gbé ìgò oògùn kòkó jáde. Nígbà tó kán an sínú omi, omi náà funfun bí wàrà. Ó ri ahun sí i láti orí dé ìdí, ó da ìyókù sí ara pákó ilé adìẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, kí a tó mí, àwọn kòkòrò náà ti ń já bọ́. Wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ bí èérún gààrí. Gbogbo ará ilé jáde wá wò ó, wọ́n sì ń yin Bàbá Kékeré. Inú èmi náà dùn.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi wà lára àwọn tó wá wò ó. Ó dúró pẹ́. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó rọra bi Bàbá Kékeré pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè pa iná orí? Ti ọmọ yìí kò lọ, ojú sì ń tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Bàbá Kékeré yí ìgò náà lọ́wọ́. Mo rí i tó wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Díẹ̀ ni kí ẹ lò. Díẹ̀ báyìí." Ó kán an fún un sínú ìgò kékeré.

Iná wà lórí èmi náà. Màmá mi ní òun yóò gba tiwa bí òun bá ti oko ẹ̀gẹ́ dé lọ́la. Mo ti ronú lé ọ̀rọ̀ yẹn lórí títí mo fi di arúgbó. Oko ẹ̀gẹ́ ni kò jẹ́ kó kàn mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló jí mi. Àkùkọ kò kọ. Mo jáde, mo rí eṣinṣin nílẹ̀ lẹ́bàá ilé adìẹ, wọ́n ti kú, wọ́n tẹ́ bí ẹ̀pà tí a sá. Àgbébọ̀ méjì tó lọ ṣa àwọn kòkòrò tó bọ́ sílẹ̀ jẹ ní àná ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo wá ahun lọ sí abẹ́ ìbòòji. Ó na ọrùn jáde pátápátá, gígùn tí n kò rí i kí ó nà á rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, àgbọ̀nìdákẹ́. Mo fi ìka kan orí rẹ̀. Kò fà á wọlé. Mo tún kàn án. Ó kàn ń wò mí, ọrùn rẹ̀ wà nílẹ̀ níta bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù tó bà mí ní àárọ̀ yẹn, n kò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́ fún yín.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí nígbà tí ìyá àgbà wọ ọgbà. Ọkọ̀ àárọ̀ ló bá dé. Ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀. Ó gbóòórùn, ó wo àwọn adìẹ, ó wo ahun, ó sì pe Bàbá Kékeré jáde.

"Kí lẹ fi kàn án?"

"Oògùn kòkó ni, ìyá. Ó ti pa àwọn kòkòrò náà tán."

"Ìyókù rẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá Kékeré wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá aránṣọ gba díẹ̀. Ó fẹ́ fi fọ orí ọmọ rẹ̀."

Ìyá àgbà kò sọ ẹrù kalẹ̀, ó jẹ́ kó já bọ́ lórí rẹ̀ ni. Ó sáré. N kò rí i kí ó sáré rí ṣáájú ọjọ́ náà, n kò sì tún rí i mọ́ títí ó fi kú. A tẹ̀ lé e.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó nínú oòrùn ní ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyá rẹ̀ ti fi oògùn náà pa á lórí ní ìdájí, ó sì ti fi gèlè dì í pinpin kí ó lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ránṣọ. Ọ̀rẹ́ mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wò wọ́n, nítorí pé wọ́n ń gbọ̀n. Ó gbé ojú sókè wò mí. Ó ní, "Wọn kò gbà kí n dá wọn dúró."

Ìyá àgbà já gèlè náà. Ó pariwo pé omi, ọṣẹ, kí gbogbo ẹni tó ní omi nílé gbé e wá. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àwọn obìnrin gbé omi tí wọ́n fi pamọ́ jáde, omi tí wọ́n ń ṣìkẹ́ bí ẹyin, wọ́n ń dà á sí ọmọ náà lórí, ìyá àgbà ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń dà á, ó ń fọ̀ ọ́. Màmá mi fi abẹ gé irun rẹ̀ kúrò. Inú omi yẹn ni gìrì ti mú un. Ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ wa pọ̀. Ẹnìkan ti gbé epo pupa dé láti dà sí i lẹ́nu. Ìyá àgbà gbá abọ́ náà dànù, ó ní, "Ẹ má da nǹkan kan sí ẹnu ẹni tí kò mọ ibi tó wà."

Bàbá Kékeré ti dé ojú títì. Ó dúró sí àárín ọ̀nà níwájú ọkọ̀ kan tó kó iṣu, ó na apá méjèèjì. Awakọ̀ náà kò jiyàn. Wọ́n ju iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà kí àyè lè wà, wọ́n gbé ọmọ wọlé, ìyá rẹ̀ àti màmá mi wọlé. Ìyá àgbà ló rántí ìgò oògùn náà. Ó ki í bọ Bàbá Kékeré lọ́wọ́, ó ní, "Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Fi han àwọn dókítà, kí o sì sọ pé ìwọ ni."

Bàbá Kékeré náà wọlé, ọkọ̀ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Àwa tó kù jókòó. Ìyá aránṣọ kò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró dáadáa nígbà tó dìde, aṣọ tó ń rán ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ahun kú kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá àgbà gbẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó jìn, ó kó ahun àti àwọn adìẹ sí i. Ọkùnrin kan láti òkè ọ̀nà yà, ó ní adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú láàárọ̀ yẹn kò yẹ kó ṣòfò, pé bí a bá sun ún dáadáa iná yóò pa oògùn ara rẹ̀. Ìyá àgbà tún mú ọkọ́. Ó kó yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, ó gbé àpótí rẹ̀ lé orí ibẹ̀, ó jókòó. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a, ó ní, "Máa wọ ulé lọ. Ebi ń pa àwọn èèyàn lásìkò yìí, n kò lè gbójú kúrò níbí."

Ọjọ́ kejì, a rí Bàbá Kékeré tó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní òun nìkan. Kò sẹ́ni tó lè dìde lọ pàdé rẹ̀. Gbogbo wa ń wo bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ẹni tó ru ìròyìn ikú máa ń wúwo, tirẹ̀ sì wúwo. Ó dé, ó jókòó ti ògiri.

Ó ní, "Ó ń mí. Wọ́n ní bí kò bá jẹ́ pé wọ́n tètè fọ̀ ọ́ ni." Kò parí rẹ̀. Ó da ojú kọ ògiri, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, pẹ̀lú orí tí wọ́n fá kodoro. Mo sáré lọ bá a, ó sì wò mí bí ẹni tó ń wo èèyàn láti òdìkejì odò. Ó pẹ́ kó tó padà di ara rẹ̀. Kódà nígbà tó ti dàgbà, bí ìró ńlá bá dún lójijì, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ó wà láàyè dòní olónìí ní Ìsẹ̀, ó ti di ìyá àgbà fúnra rẹ̀, kò sì rántí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rántí. Títí tí ìyá náà fi lọ, bí ó bá ń ránṣọ, iwájú ara rẹ̀ gan-an ni ó máa ń mú ọmọ náà jókòó sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà mọ́.

Ẹ ó bi mí pé ṣé Bàbá Kékeré jáwọ́ nínú oògùn fínfín. Òjò dé lọ́dún yẹn, ó pọ̀, èso kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ó ń jẹrà lórí igi. Kí ni kí ó ṣe? Ó tún gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn. Ìyá àgbà a dúró sí ẹnu ọ̀nà, a máa wo aṣọ rẹ̀ tó tutù bí ó ṣe ń bọ̀ láti oko. Nígbà tó yá, kí ewú tó bo orí rẹ̀, ọwọ́ Bàbá Kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní ìgbẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a di ife mú kó tó lè mu omi. Kò sí dókítà tó sọ fún wa pé oògùn ni, n kò sì ní parọ́ mọ́ dókítà. Àwọn kan ní ọjọ́ orí ni, àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Èmi mọ ibi tí mo ti rí irú gbígbọ̀n yẹn rí.

Ayé ti yí padà báyìí. Ọmọ-ọmọ mi kan ń sin ahun ní Ìkéré. Ní ìjelòó, kòkòrò bò ó, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko lórí fóònù, dókítà náà sì ní kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, kí ó pààrọ̀ ibùsùn rẹ̀, kí ó gbé e wá kí òun wò ó. Inú mi dùn. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò sí fún Bàbá Kékeré.

Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, oko ni oògùn náà ń gbé, ó sì máa ń yà lọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Lónìí, ẹ ń ra irú rẹ̀ ní ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ àti magí lọ́jà. Ẹ ń fín in sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ń sùn lé, àwọn kan ń dà á sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ẹ sì ń se ẹ̀wà náà. Lọ́jọ́ yẹn ní Ọ̀rùn, eṣinṣin ló kọ́kọ́ ṣubú, adìẹ tẹ̀ lé e, ahun tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí a fi ráyè sáré bá ọmọ èèyàn. Mo wo àwọn ilé yín báyìí, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ti fèrèsé, kò sí adìẹ, kò sí ahun. Kò sí ohun kan nínú wọn tí yóò kọ́kọ́ ṣubú ṣáájú yín.